Àkọsílẹ̀ iṣẹ́: pípààrọ̀ sọ́fítíwíà inú súwíìṣì tòkunbọ̀ mẹ́rin

Ọjọ́bọ̀: yíyẹ ohun tó wà nílẹ̀ wò

Ilé-ẹ̀kọ́ girama aládàáni kan wà ní Ìbàdàn tí mo ń bá wọn mójú tó nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọn. Nígbà tí wọ́n gba ìsinmi, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì ti lọ sílé, mo tọrọ ọjọ́ mẹ́rin lọ́wọ́ ọ̀gá àgbà láti pààrọ̀ sọ́fítíwíà inú àwọn súwíìṣì wọn, ìyẹn àwọn ẹ̀rọ tó ń so kọ̀ǹpútà pọ̀ mọ́ ara wọn, nítorí pé láti ìgbà tí wọ́n ti rà wọ́n, kò sí ẹni tó fọwọ́ kan ohun tó wà nínú wọn. Súwíìṣì mẹ́rin ni. Méjì jẹ́ Cisco Catalyst 2960-X oníhò 48, tí a so pọ̀ tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ bí ẹyọ kan ṣoṣo ní ilé ìṣàkóso; ẹ̀kẹta jẹ́ 2960-X oníhò 24 ní ilé ibùgbé akẹ́kọ̀ọ́; ẹ̀kẹrin sì jẹ́ Catalyst 2960, èyí tó dàgbà jù nínú wọn, ní ilé ìkàwé. Irú súwíìṣì yìí kì í ṣe èyí tí ènìyàn kàn ń ki wáyà bọ̀ tí yóò sì máa ṣiṣẹ́ lọ. Ó ní sọ́fítíwíà tirẹ̀ tí à ń pè ní IOS, a lè wọ inú rẹ̀ láti orí kọ̀ǹpútà, kí a pín àwọn ihò rẹ̀ sí ẹgbẹ́ ẹgbẹ́, kí a ti èyí tí a kò fẹ́, kí a sì máa ka ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn.

Tòkunbọ̀ ni gbogbo wọn. Ohun tí àwa oníṣẹ́ máa ń béèrè nígbà tí a bá fẹ́ ra tòkunbọ̀ ni bóyá iná rẹ̀ ń tàn, bóyá gbogbo ihò rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, àti iye tí wọ́n máa gbà jálẹ̀. Kò wọ́pọ̀ kí ènìyàn béèrè pé ọdún wo ni wọ́n kọ sọ́fítíwíà tó wà nínú rẹ̀. Èmi náà kò béèrè nígbà tí wọ́n ní kí n bá àwọn yàn wọ́n, ó sì yẹ kí n ti béèrè, nítorí pé ẹni tó ra tòkunbọ̀ ti ra gbogbo ohun tí ẹni tó kọ́kọ́ lò ó gbàgbé sínú rẹ̀ mọ́ ọn.

Mo fi wáyà console, èyí tó ń jẹ́ kí a bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀ ní tààrà láìgba orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, so lápútọ̀ọ̀pù mi mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ìyára bíìtì 9600 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, mo sì pàṣẹ "show version". Àwọn 2960-X mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń lo 15.2(2)E. Ti ilé ìkàwé ń lo 12.2(35)SE5, ọjọ́ tí wọ́n kọ ọ́, bó ṣe hàn lójú ẹ̀rọ, sì jẹ́ oṣù keje ọdún 2007. Orúkọ fáìlì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "c2960-lanbase-mz", kò sí "k9" nínú rẹ̀. Lẹ́tà kan àti nọ́ńbà kan tó sọnù yìí kì í ṣe ohun kékeré. "k9" ló ń sọ fún wa pé sọ́fítíwíà náà lè bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀ kí ó tó gbé e gba orí wáyà. Èyí tí kò bá ní i kò ní SSH, ọ̀nà ìwọlé láti òkèèrè tó ń bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀; Telnet, ọ̀nà ìwọlé àtijọ́, nìkan ló kù fún un, Telnet sì ń gbé ọ̀rọ̀ aṣínà kọjá ní gbangba, tó fi jẹ́ pé ẹnikẹ́ni tó bá dúró lójú ọ̀nà yóò kà á bí ẹni ka ìwé ìròyìn.

Ohun méjì ló mú kí n gbà pé iṣẹ́ yìí kò ṣeé sún síwájú mọ́. Èkíní ni àlébù tí wọ́n fún ní nọ́ńbà CVE-2017-3881 nínú àkójọ àlébù ààbò tí gbogbo ayé ń lò. Ní oṣù kẹta ọdún 2017 ni WikiLeaks gbé àwọn ìwé kan tí wọ́n pè ní Vault 7 síta, tí wọ́n sọ pé láti ọ̀dọ̀ CIA, iléeṣẹ́ aláṣìírí Amẹ́ríkà, ni wọ́n ti wá. Nígbà tí Cisco yẹ àwọn ìwé náà wò, wọ́n rí i pé ẹni tó bá lè fi Telnet kan ẹ̀rọ wọn lè gba àkóso rẹ̀ láìní ọ̀rọ̀ aṣínà kankan, irú ẹ̀rọ tí ọ̀rọ̀ náà sì kàn lé ní 300. Ìmọ̀ràn tí wọ́n kọ́kọ́ fúnni ni pé kí a ti Telnet pa, kí a máa lo SSH. Lórí súwíìṣì ilé ìkàwé, ẹni tó bá ti Telnet pa ti pa ọ̀nà kan ṣoṣo tó fi lè dé ibẹ̀ láti òkèèrè nìyẹn.

Èkejì ni Smart Install. Wọ́n ṣe àbùdá yìí kí súwíìṣì tuntun tí wọ́n bá gbé dé ibi iṣẹ́ lè gba sọ́fítíwíà àti ìṣètò rẹ̀ fúnra rẹ̀ lọ́dọ̀ ẹ̀rọ ọ̀gá kan, láìjẹ́ pé oníṣẹ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ dé ibẹ̀. Èrò náà dára. Àmọ́ kì í béèrè ẹni tó ń pàṣẹ fún un, orí pọ́ọ̀tù TCP 4786, tó dà bí ìlẹ̀kùn kan lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ló ti ń gbọ́, ṣíṣí ló sì ń wà láti ilé iṣẹ́ wá. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹta ọdún 2018 ni Cisco kéde CVE-2018-0171, àlébù inú Smart Install tí wọ́n fún ní 9.8 nínú 10 ní ìwọ̀n ewu. Kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé lẹ́yìn náà, àwọn kan ti gba ọ̀nà Smart Install wọ àwọn súwíìṣì ní Ìráànì àti Rọ́ṣíà, wọ́n pa ìṣètò inú wọn rẹ́, wọ́n sì fi àwòrán àsíá Amẹ́ríkà tí wọ́n fi lẹ́tà yà sílẹ̀ níbẹ̀. Iléeṣẹ́ ìjọba Ìráànì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ yìí sọ pé 3,500 ẹ̀rọ ló kàn lọ́dọ̀ àwọn. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2025, FBI tún ṣe ìkìlọ̀ pé àwọn tó ń ṣiṣẹ́ fún iléeṣẹ́ aláṣìírí Rọ́ṣíà ṣì ń gba inú àlébù yìí kan náà wọlé. Ọdún méje gbáko nìyẹn lẹ́yìn tí oògùn rẹ̀ ti jáde. Mo fi nmap, ètò tó ń wo pọ́ọ̀tù tó ṣí, kan pọ́ọ̀tù 4786 lára àwọn 2960-X wa láti orí lápútọ̀ọ̀pù mi. Gbogbo wọn dáhùn.

Ọjọ́ Ẹtì: ẹ̀dà ìpamọ́, fáìlì, àti ọ̀rọ̀ iná

Gbogbo ọjọ́ Ẹtì ni a fi múra sílẹ̀, a kò yí ohunkóhun padà lórí ẹ̀rọ kankan. Èmi àti ọmọṣẹ́ mi kọ́kọ́ da ìṣètò ọ̀kọ̀ọ̀kan sórí lápútọ̀ọ̀pù àti sórí fláàṣì. Lẹ́yìn náà ni a ya àwòrán bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ṣe rí kí a tó bẹ̀rẹ̀: "show vlan brief" láti mọ ihò tó wà nínú ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, "show interfaces trunk" láti mọ àwọn okùn tó so súwíìṣì kan mọ́ èkejì, "show power inline" láti mọ kámẹ́rà àti ẹ̀rọ Wi-Fi tó ń gba iná láti ara súwíìṣì, àti "show spanning-tree" láti mọ súwíìṣì tó ń ṣe olórí láàárín wọn. Mo tẹ gbogbo rẹ̀ sórí ìwé. Ìwé ni mo fẹ́ràn jù fún irú èyí, nítorí pé bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá dákẹ́, ohun tó wà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti dákẹ́ pẹ̀lú rẹ̀.

Ibi tí a ti rí fáìlì náà yẹ kí n sọ, torí pé ọ̀pọ̀ nínú wa ni ọ̀rọ̀ yìí ń dí lọ́nà. Cisco kì í fi sọ́fítíwíà súwíìṣì sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá kọjá. Ẹni tó ní àdéhùn ìtọ́jú ni wọ́n ń fún. Síbẹ̀, nínú ìkéde àlébù tó lágbára, wọ́n máa ń kọ ọ́ pé ẹni tí kò ní àdéhùn, tí kò sì rí àtúnṣe gbà lọ́dọ̀ ẹni tó tà á fún un, lè kàn sí ẹ̀ka ìrànlọ́wọ́ wọn pẹ̀lú nọ́ńbà tó wà lára ẹ̀rọ àti àdírẹ́sì ìkéde náà. Ọ̀nà yìí ni a gbà, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ṣáájú ìsinmi. Kì í ṣe dandan kí wọ́n gbà fún ẹ̀rọ tòkunbọ̀, nítorí pé àṣẹ láti lo sọ́fítíwíà kì í fi bẹ́ẹ̀ tẹ̀ lé ẹ̀rọ lọ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n ìbéèrè kò ná ènìyàn ní kọ́bọ̀. Ohun tí èmi kò ní ṣe láéláé ni kí n gba fáìlì IOS tí ẹnìkan fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp tàbí tó gbé sí orí ìkànnì tí a kò mọ orísun rẹ̀, kí n sì gbé e sínú ẹ̀rọ tí gbogbo ọ̀rọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ń gbà kọjá.

Nígbà tí fáìlì dé ọwọ́, a fi àmì MD5 rẹ̀, tí à ń fi ìṣirò fà yọ láti inú fáìlì náà, wé èyí tí olùṣe kọ sílẹ̀. Àmì 32 ni. Ọmọṣẹ́ mi ń kà á sókè ní mẹ́rin mẹ́rin, èmi ń fa ìlà sábẹ́ rẹ̀ lórí ìwé, a sì ṣe é fún fáìlì kọ̀ọ̀kan. Ó lè dà bí iṣẹ́ ọmọdé, àmọ́ fáìlì tí báìtì kan ṣoṣo yí padà nínú rẹ̀ yóò ní àmì tó yàtọ̀ pátápátá, ibi tí ó sì dára jù láti mọ̀ ni orí tábìlì, kì í ṣe ìgbà tí ẹ̀rọ bá kọ̀ láti jí.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ iná. Ẹni tó bá ń ṣe iṣẹ́ yìí níbi tí iná kì í lọ lè má ka apá yìí sí, ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ wa, òun ni ìdajì iṣẹ́. Ní ilé ìṣàkóso, mo fa wáyà UPS yọ kúrò lára ògiri, mo sì fi aago wò ó: ó gbé súwíìṣì méjèèjì àti gbogbo kámẹ́rà tó wà lára wọn fún ogún ìṣẹ́jú kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Ti ilé ibùgbé gbé tirẹ̀ fún ìṣẹ́jú 35. Nígbà tí a dé ilé ìkàwé, ilẹ̀ ti ń ṣú, iná ara UPS ibẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ewé, ó sì kọ "100" sójú. Mo gba ohun tó kọ gbọ́. N kò fa wáyà rẹ̀ yọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta: pípààrọ̀ rẹ̀

A bẹ̀rẹ̀ ní aago méje àárọ̀ pẹ̀lú méjì inú ilé ìṣàkóso. Súwíìṣì tí a so pọ̀ gbọ́dọ̀ máa lo sọ́fítíwíà kan náà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, èkejì kò ní gbà láti dara pọ̀ mọ́ èkíní. Nítorí náà ni mo ṣe lo àṣẹ "archive download-sw", èyí tó ń tú fáìlì tar, tó dà bí àpò tí a kó fáìlì púpọ̀ sí, sínú àwọn méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Mo fi "/leave-old-sw" kún un kí ti àtijọ́ má baà kúrò níbẹ̀. Fláàṣì inú 2960-X yìí, ibi tó ń tọ́jú fáìlì sí, jẹ́ mẹ́gábáìtì 128, àyè tó fún sọ́fítíwíà méjì láti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kò sì sí ìdí kankan láti sun afárá tí ènìyàn ṣì lè gbà padà. Lẹ́yìn tí ó tú u tán, mo fi "show boot" wò ó pé ti tuntun, 15.2(7)E, ni yóò gbé jí.

Kí n tó pàṣẹ "reload", mo lọ bá bàbá tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, nítorí pé kámẹ́rà mẹ́fà àti ẹ̀rọ Wi-Fi mẹ́rin ló ń gba iná wọn láti inú okùn nẹ́tíwọ́ọ̀kì gan-an, lábẹ́ ìlànà 802.3af ti ọdún 2003 tó ń jẹ́ kí ihò kan lè pèsè tó wáàtì 15.4. Bí súwíìṣì bá sùn, gbogbo wọn máa sùn pẹ̀lú rẹ̀. Bàbá béèrè pé, "Ìgbà wo ni ojú wọn máa là padà?" Mo ní kí wọ́n fún mi ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Wọ́n pe ẹnìkejì wọn láti ẹ̀yìn ilé, ọ̀kan dúró sí gétì, ọ̀kan sí ògiri ẹ̀yìn, wọ́n sì ní kí n máa bá iṣẹ́ lọ. Ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án ni ó gbà kí ihò tó kẹ́yìn tó tan iná ewé. A mú ìwé ọjọ́ Ẹtì jáde, a fi ọ̀kọ̀ọ̀kan wé ohun tó wà lójú ẹ̀rọ, kò sí ohun tó sọnù. Ti ilé ibùgbé lọ bákan náà, kò sì sí ohun tí mo ní í sọ nípa rẹ̀.

Ilé ìkàwé ni iṣẹ́ ti dójú ọ̀gbun. Gbogbo fláàṣì súwíìṣì ibẹ̀ kò ju báìtì 32,514,048 lọ, ẹni tó sì ní in tẹ́lẹ̀ ti kó àwọn fáìlì tí kò wúlò sínú rẹ̀, tó fi jẹ́ pé àyè tó kù kò tó gba ìran 15.0(2)SE tí a fẹ́ gbé wọ inú rẹ̀. Ohun tó yẹ kí n ṣe ni kí n fara balẹ̀ pa àwọn fáìlì àjèjì wọ̀nyẹn rẹ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí n fi èyí tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ sílẹ̀, iṣẹ́ ìṣẹ́jú méjì péré. Dípò bẹ́ẹ̀, mo lo "/overwrite", nítorí pé àṣẹ yẹn máa ń wá àyè fúnra rẹ̀, ọ̀nà tó sì ń gbà wá a nígbà tí àyè kò bá tó ni pé ó máa pa sọ́fítíwíà tó wà níbẹ̀ rẹ́ kí tuntun tó dé. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí n tó tẹ̀ ẹ́. Mo rò pé UPS ń bẹ níbẹ̀.

Iná lọ nígbà tí fáìlì dé nǹkan bí ìdajì. UPS náà ké lẹ́ẹ̀kan, ó sì kú. Kí ọmọṣẹ́ mi tó parí ọ̀rọ̀ tó ní, "Ọ̀gá, iná ti—", afẹ́fẹ́ inú súwíìṣì ti dákẹ́.

Nígbà tí a tan jẹnẹrétọ̀, ohun tó hàn lójú console ni "switch:" nìkan. Ohun tí èyí túmọ̀ sí ni pé ètò kékeré tó máa ń jí ẹ̀rọ ṣì wà láàyè, ṣùgbọ́n kò rí sọ́fítíwíà tí yóò gbé dìde. Mo tẹ "flash_init", lẹ́yìn náà "dir flash:". Ìṣètò wa, config.text, wà níbẹ̀, vlan.dat wà níbẹ̀, àjákù fáìlì tuntun náà sì wà níbẹ̀ tí kò wúlò fún ohunkóhun. Ní ipò yìí, nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ náà, nítorí náà kò sí TFTP, tó ń gbé fáìlì gba orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ọ̀nà kan tó kù ni XMODEM, tó ń ti fáìlì gba inú wáyà console wọlé díẹ̀ díẹ̀.

Ìṣirò kékeré kan wà níbí tí ó yẹ kí gbogbo oníṣẹ́ mọ̀ sórí. Ní ìyára 9600, báìtì bíi 960 ni wáyà console lè gbé ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Fáìlì tí ó jẹ́ bíi mẹ́gábáìtì 12 yóò gba wákàtí mẹ́ta ààbọ̀ ó kéré tán, lórí jẹnẹrétọ̀ tí epo inú rẹ̀ kò tó wákàtí méjì. Ṣùgbọ́n ètò kékeré yẹn gbà kí a yí ìyára padà: "set BAUD 115200". Bí ènìyàn bá tẹ̀ ẹ́, ojú console á dàrú, àwọn àmì tí kò nítumọ̀ á gbà á kan. Kì í ṣe pé ẹ̀rọ bàjẹ́, lápútọ̀ọ̀pù ló ṣì ń sọ̀rọ̀ ní ìyára àtijọ́. Mo yí ti lápútọ̀ọ̀pù náà sí 115200, ọ̀rọ̀ sì padà hàn ketekete. Mo yọ fáìlì .bin kúrò nínú tar lórí lápútọ̀ọ̀pù mi, mo pa àjákù inú fláàṣì rẹ́, mo pàṣẹ "copy xmodem:" sínú fláàṣì, a sì jókòó tì í. Ìṣẹ́jú 28 ló gbà. Nígbà tó parí, mo dá ìyára padà sí 9600 pẹ̀lú "unset BAUD", nítorí pé oníṣẹ́ mìíràn tó bá dé ibẹ̀ lọ́jọ́ iwájú yóò rò pé ẹ̀rọ náà ti kú ni bí ó bá bá a ní ìyára tí kò retí. Lẹ́yìn náà ni mo pàṣẹ "boot" pẹ̀lú orúkọ fáìlì náà. Ó jí, ó ka config.text, gbogbo ẹgbẹ́ ihò sì wà ní ipò wọn. Mo fi "boot system" kọ orúkọ fáìlì tuntun síbẹ̀ kí ó má baà máa wá èyí tó ti kú kiri, mo tọ́jú rẹ̀ pẹ̀lú "write memory", mo sì tún un jí lẹ́ẹ̀kejì láti rí i pé yóò dìde láìsí ọwọ́ mi nínú rẹ̀.

Ọjọ́ Ajé: àwọn àbùdá

Bí a bá dúró síbi tí a dé ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, nọ́ńbà ìran sọ́fítíwíà nìkan ni a yí padà. Ọ̀pọ̀ nínú ohun tó ń dáàbò bo nẹ́tíwọ́ọ̀kì lórí àwọn súwíìṣì yìí ni a máa ń bá ní sísùn, tí ènìyàn sì gbọ́dọ̀ jí i. Òdìkejì rẹ̀ náà wà, òun ni mo sì fẹ́ kí àwọn tó ń ka èyí fi sọ́kàn jù: sọ́fítíwíà tuntun máa ń mú àbùdá tí a kò béèrè wọlé. Smart Install kò sí nínú 12.2(35)SE5 rárá; ìran tó dé lẹ́yìn rẹ̀ ló gbé e dé. Súwíìṣì ilé ìkàwé tó jẹ́ ẹlẹgẹ́ jù ní ọjọ́ Ọjọ́bọ̀ kò ní ìlẹ̀kùn yẹn, àwa ni a fi ọwọ́ ara wa gbé ìlẹ̀kùn náà sí ara ilé. Nítorí náà, àṣẹ àkọ́kọ́ tí mo tẹ̀ lórí ẹ̀rọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni "no vstack", tó ń ti Smart Install pa. N kò dúró wò bóyá ti tuntun ti kọ́ láti ti ara rẹ̀ pa. Mo tún fi nmap kan pọ́ọ̀tù 4786 lára gbogbo wọn, kò sí èyí tó dáhùn.

SSH ló tẹ̀ lé e. Mo ṣe kọ́kọ́rọ́ RSA oníbíìtì 2048 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo pàṣẹ kí wọ́n má gba ohun mìíràn ju SSH ìran kejì lọ, mo sì ti Telnet pa. Ní ilé ìkàwé, lápútọ̀ọ̀pù mi kọ̀ láti wọlé, ó ní kò sí ìlànà tí àwọn méjèèjì jọ mọ̀. Ẹ̀bi náà kò sí lára súwíìṣì nìkan. Láti ìran 7.0 ní ọdún 2015 ni OpenSSH, ètò SSH tó wà lórí lápútọ̀ọ̀pù mi, ti dẹ́kun gbígba ìlànà àtijọ́ diffie-hellman-group1-sha1 láìjẹ́ pé ènìyàn ṣí i fúnra rẹ̀, láti ìran 8.8 ní ọdún 2021 ni wọn kò sì ti gba ìfọwọ́sí ssh-rsa tí à ń lo SHA-1 fún mọ́, àfi bí ènìyàn bá ṣí i. Mo kọ àṣẹ tó gba ìlànà méjèèjì láyè padà sínú fáìlì ìṣètò SSH lórí lápútọ̀ọ̀pù mi, fún àdírẹ́sì súwíìṣì yẹn nìkan, kì í ṣe fún gbogbo ayé. Ẹni tó bá ṣí i fún gbogbo ibi ti tú ààbò lápútọ̀ọ̀pù ara rẹ̀ ká nítorí ẹ̀rọ kan.

Ilé ibùgbé ni mo ti lo àkókò jù lọ ní ọjọ́ náà. Ohun tó ń yọ wọ́n lẹ́nu ní gbogbo sáà ni pé akẹ́kọ̀ọ́ tàbí olùkọ́ kan máa ń mú ráútà wá láti ilé, á ki okùn ara ògiri bọ ihò tí kò yẹ lẹ́yìn rẹ̀, ráútà náà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í pín àdírẹ́sì 192.168.0 fún gbogbo ẹni tó bá béèrè. Àwọn tó gba àdírẹ́sì lọ́wọ́ rẹ̀ á wá máa sọ pé íńtánẹ́ẹ̀tì ti lọ. Ìgbà mẹ́ta ni mo ti rin yàrá dé yàrá nítorí èyí. DHCP ni ètò tó ń pín àdírẹ́sì bẹ́ẹ̀, DHCP snooping sì ni àbùdá tó wà fún ìṣòro yìí: a ó sọ fún súwíìṣì pé ihò tó lọ sọ́dọ̀ ráútà ilé-ẹ̀kọ́ nìkan ni kí ó fọkàn tán, bí ihò mìíràn bá sì gbìyànjú láti pín àdírẹ́sì, kí ó sọ ọ̀rọ̀ náà nù.

Mo jí i, mo sì fi ìfọkàntán sí ihò tó yẹ, àmọ́ láti ìgbà náà kò sí kọ̀ǹpútà kan tó rí àdírẹ́sì gbà mọ́. Ó pẹ́ díẹ̀ kí n tó rí ìdí rẹ̀. Nígbà tí DHCP snooping bá ń ṣiṣẹ́, súwíìṣì máa ń fi àlàyé kan tí à ń pè ní Option 82 lé ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, tó ń sọ ihò tí ìbéèrè náà ti wá. Ráútà tí à ń lò rí àlàyé náà, ó wo ibi tí ó yẹ kí àdírẹ́sì ẹni tó gbé ìbéèrè náà wá wà, ó bá òdo níbẹ̀, ó sì ju gbogbo rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. "no ip dhcp snooping information option" ló tú u sílẹ̀. Kí n tó ṣe àyípadà wọ̀nyí, mo ti kọ́kọ́ pàṣẹ "reload in 30", kí ẹ̀rọ lè padà sí ìṣètò tí mo ti tọ́jú bí mo bá ti ara mi mọ́ ìta, mo sì rántí láti tẹ "reload cancel" nígbà tí ìṣẹ́jú mẹ́ta ṣì kù.

Mo fi BPDU guard àti PortFast sí gbogbo ihò tó lọ sínú yàrá. Spanning tree, tí Radia Perlman ṣe ní ọdún 1985, ni kì í jẹ́ kí okùn tó yí po láàárín súwíìṣì méjì da nẹ́tíwọ́ọ̀kì rú. Àmọ́ ní ìlànà rẹ̀ àtijọ́, ihò tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ki okùn bọ̀ máa ń dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá kí ó tó gbé ọ̀rọ̀ kọjá. PortFast ń mú ìdádúró yìí kúrò fún kọ̀ǹpútà, BPDU guard sì ń ti ihò náà pa bí ó bá jẹ́ súwíìṣì mìíràn ni ẹnìkan so mọ́ ọn. Mo ní kí ihò tó bá ti pa báyìí máa ṣí padà fúnra rẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, kí wọ́n má baà máa pè mí láti ilé. Mo tún so gbogbo wọn mọ́ NTP kí aago inú wọn lè jẹ́ òótọ́, mo sì ní kí wọ́n máa fi ìròyìn wọn ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà kan ní ilé ìṣàkóso.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà

Bọ́sà ilé-ẹ̀kọ́ sanwó bátìrì tuntun fún UPS ilé ìkàwé. Nígbà tí a gbé e wọlé, mo fa wáyà rẹ̀ yọ kúrò lára ògiri, mo sì jókòó tì í pẹ̀lú aago: ìṣẹ́jú 41. Mo ti kọ ọ́ sínú ìwé fún ọ̀gá àgbà pé súwíìṣì ilé ìkàwé ni kí wọ́n kọ́kọ́ rọ́pò bí owó bá wà.

Ní ọjọ́ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọlé padà, ní aago méje ku díẹ̀ lálẹ́, ìròyìn kan dé láti súwíìṣì ilé ibùgbé: "DHCP_SNOOPING_UNTRUSTED_PORT", ihò 17. Ó ti ju ìdáhùn náà nù kí ó tó dé ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni, gbogbo àwọn yòókù sì ń lo íńtánẹ́ẹ̀tì wọn lọ. Mo pe olùtọ́jú ilé ibùgbé lórí fóònù, mo sì fi nọ́ńbà ihò náà wá yàrá tó kàn nínú ìwé wa. Wọ́n lọ síbẹ̀, wọ́n bá ráútà kan lábẹ́ ibùsùn, iná rẹ̀ ṣì ń ṣẹ́jú.